Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n tà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín àwọn òǹkàwé yín ló mú mi kọ̀wé: ṣé òtítọ́ kan wà nípa ìwà tó de gbogbo ẹ̀dá, àti ẹlẹ́sìn àti ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà? Àwọn kan ní láìsí ẹ̀sìn, kò sí ohun tó ń jẹ́ rere. Àwọn mìíràn ní èèwọ̀ ibì kan ni oúnjẹ ibòmíràn, nítorí náà kí kálukú máa ṣe tirẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Lọ́dún 1821 ni ogun kó ìlú wọn, Mùsùlùmí sì wà nínú àwọn tó kó wọn. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Ó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn títí wọ́n fi tà á fún àwọn Pọtogí l'Ékòó, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Àwọn tó ń bọ òrìṣà náà ń rà, wọ́n ń tà. Kò sí ẹ̀sìn kan láyìíká ọmọ yẹn tó dí ọ̀nà ọjà náà. Bó bá jẹ́ pé ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn bá panu pọ̀ lé lórí ni òtítọ́, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ṣẹ Àjàyí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbìyànjú láti fún ara òun lọ́rùn pa lóru, àyà òun ni kò gbà á. Ọmọdé ni! Kò dúró de àlùfáà kó tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe sí òun burú.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Òtítọ́ náà wà. Ẹni tí ìyà ń jẹ ló kọ́kọ́ ń rí i. Yorùbá ní bí a bá ń gégi nígbó, ká máa fọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Jésù ní ohun tí a bá fẹ́ kí èèyàn ṣe sí wa ni ká ṣe sí wọn. Ànábì ní ìgbàgbọ́ ẹni ò pé àfi tó bá ń fẹ́ fún arákùnrin rẹ̀ ohun tó ń fẹ́ fún ara rẹ̀. Confucius, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́, ti sọ irú rẹ̀ ní Ṣáínà ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu àwọn ọmọlẹ́yìn wọn, síbẹ̀ wọ́n ń ta èèyàn, torí pé wọn ò ka ẹrú mọ́ èèyàn bíi tiwọn.

Ní Paris, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Bràsíìlì fẹ́ kí orúkọ Ọlọ́run wọ inú rẹ̀; kò wọ̀ ọ́. Orílẹ̀-èdè 48 gbà á, kò sí èyí tó lòdì sí i, 8 sì fà sẹ́yìn, wọn ò dìbò. Sófíẹ́tì tí kò fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀sìn wà nínú 8 yẹn, Saudi Arabia wà níbẹ̀, Gúúsù Áfíríkà tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ń fi Bíbélì gbe ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà lẹ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́ kọ́ ló pín wọn.

Àwọn kan á ní ìwé òyìnbó ni Ìkéde náà. Òótọ́ ni pé Bìrìtìkó tó dìbò fún un ṣì ń ṣàkóso wa nígbà náà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wa. Ìyẹn ò sọ abala kẹrin rẹ̀, tó ka kíkó èèyàn lẹ́rú léèwọ̀, di irọ́. Ìwà Bìrìtìkó ni kò bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé "ẹ̀sìn wo lò ń ṣe?" la ṣì fi ń díwọ̀n ọmọlúàbí, nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń jí gbálẹ̀ nílé wa ní ìdájí, tí àwọn ọmọ tiwa ṣì ń sùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Ẹ ti fún pásítọ̀ láyè nínú ìwé ìròyìn yín, ẹ ti fún ààfáà, ẹ ti fún àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún irú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọ̀nyẹn láyè náà, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn