Ẹ jẹ́ kí Haastrup máa jẹ́ Haastrup

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àfaradà ọ̀wọ́n bébà. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ nípa orúkọ Ọwá wa, ọba Iléṣà. Ó ní ó ti tó àkókò kí ìdílé Haastrup ní Iléṣà pa orúkọ náà tì, pé orúkọ tí òyìnbó fi sọ ẹrú ni, pé kò yẹ kó wà lára ẹni tó jókòó sórí ìtẹ́ Ọwá Obòkun. Ó ní kí wọ́n ṣe bí àwọn Alákijà l'Èkó ti ṣe, tí wọ́n sọ orúkọ òyìnbó wọn nù. Ìfẹ́ ilẹ̀ wa ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀.

Èmi kì í ṣe Haastrup, ìyàwó mi kì í ṣe Haastrup, n kò sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọmọ Iléṣà ni mí, iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni mo fi tọ́ ọmọ, yàrá ẹ̀yìn tí a ti ń ṣa lẹ́tà ni mo sì ti dàgbà sí. Ẹni tó bá ṣa lẹ́tà pẹ́, á mọ ohun tí orúkọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí lẹ́tà bá dé tí wọ́n kàn kọ "Ọ̀gbẹ́ni Williams, Iléṣà" sí i lára, tí kò sí nọ́ńbà ilé, tí kò sí nọ́ńbà àpótí, wàhálà dé nìyẹn. Williams wo? Johnson wo? Davies ti Òkèṣà ni àbí tiṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé? Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè sùn sọ́dọ̀ wa títí eruku á fi bò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ Haastrup sí i, a kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì. A mọ agbolé, a mọ ẹni tó máa gbà á, ẹni tó máa fún akọ̀wé ní obì pàápàá, a mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Abúlé kan wà ní Dẹ́ńmákì, ní erékùṣù Fyn, nítòsí ìlú Faaborg, Haastrup lorúkọ rẹ̀. Láti 1948 tí wọ́n ti tún àkọtọ́ èdè wọn ṣe, a kan tó dé òrùka lórí ni wọ́n sábà ń fi rọ́pò a méjì yẹn. Trup tó wà ní ìparí rẹ̀, abà ni: ibi tí àwọn kan yà lọ tẹ̀dó sí nígbà tí abúlé àtijọ́ kún. Àìmọye irú abúlé bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ń jẹ́ Haastrup láàárín wọn, àfi bí ẹni tí a ń pè ní ará Abà níhìn-ín. Orúkọ àgbẹ̀ ni, kò sí ẹrú níbẹ̀.

Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ wa? Ìjọ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló mú un wá. Lẹ́yìn òfin 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fi ka òwò ẹrú léèwọ̀, ọkọ̀ ogun wọn ń dá àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú dúró lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ sí Fìrítáùn ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín wọn sí abúlé: Regent, Kissy, Hastings, Waterloo àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. W. A. B. Johnson tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Regent, ará Jámánì ni. Àwọn ọlọ́rẹ ìjọ nílùú òyìnbó tún lè dá owó fún ìtọ́jú ọmọ kan, kí wọ́n sì yan orúkọ tí ọmọ náà máa jẹ́. Ajàyí ará Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gba orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó di Samuel Crowther. Bẹ́ẹ̀ ni Macaulay, Cole, Coker, Davies àti àwọn yòókù ṣe di orúkọ Yorùbá.

Ní ti Kúmókùn, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ Haastrup ní Iléṣà, ọmọọba Ìjẹ̀ṣà ni. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á, orí bá a ṣe é ó bọ́ sí Sàró. Ìtàn tí ìdílé ń sọ ni pé òjíṣẹ́ ìjọ kan tó ń jẹ́ Haastrup, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì, ló gbà á sọ́dọ̀, tó tọ́ ọ, tó sì fún un lórúkọ ara rẹ̀. Ó di Frederick Haastrup. Nígbà tó yá ó bá àwọn Sàró yòókù, àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ wálé, padà sí Èkó, ó ń ṣòwò, ó sì wà lára àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣèpàdé níbẹ̀ nígbà ogun Kírìjí tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, tó wà l'Èkó ni ìbọn ìgbàlódé ti ń dé ibùdó Ògèdèǹgbé, balógun wa. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, àwọn ọmọ ogun túká pátápátá ní 1893. Ní 1896 ni wọ́n fi Frederick Kúmókùn Haastrup jọba, ó di Ọwá Ajímókò Kìíní, ó sì wà lórí oyè títí di 1901.

Ẹ jọ̀ọ́, kí òǹkàwé yín tún èyí yẹ̀ wò. Ìgbà tó ń jẹ́ Kúmókùn ni wọ́n tà á. Àwọn tó tà á, orúkọ ilé wa ni wọ́n ń jẹ́, èdè wa sì ni wọ́n fi ná an. Ìgbà tó gba òmìnira ló di Haastrup. Mi ò ní kí n purọ́: ọmọdé tí wọ́n fún lórúkọ yìí kò lẹ́nu láti kọ̀ ọ́, ohun tí àwọn òyìnbó ìjọ fi orúkọ bò mọ́lẹ̀ nígbà náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tó dàgbà, tó lówó lọ́wọ́, tó sì gorí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀, ó lẹ́nu láti sọ ọ́ nù. Kò sọ ọ́ nù. Ó fi Ajímókò lé e lórí, ó ń jẹ́ méjèèjì.

Ní àkókò Bàbáńgídá, lẹ́tà kan dé wa láti Dẹ́ńmákì, orí ọbabìnrin wọn wà lára sítáńbù rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju "Ẹnikẹ́ni tó bá ń jẹ́ Haastrup, Iléṣà, Nàìjíríà" lọ. Ọ̀gá mi ní kí a dá a padà. Mo ní rárá, mo gbé e lọ fún màmá àgbàlagbà kan nínú ìdílé náà, mo sì dúró, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé girama ló kà á fún wa. Bàbá arúgbó kan ló kọ ọ́. Ó ní òun rí orúkọ òun nínú ìwé kan tó sọ̀rọ̀ nípa ọba ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu sì yà òun. Ó wá béèrè, tìtìjú-tìtìjú, bóyá ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá òun ló ti bímọ sílẹ̀ ní Áfíríkà láìsọ fún ìyàwó ilé.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà kọ ọ́ padà pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, pé baba àwọn mú orúkọ bàbá yẹn wọ ààfin, kí ó wá sọ fún àwọn bóyá baba tirẹ̀ náà dé ààfin rí. Èmi ni mo lẹ sítáńbù mọ́ èsì náà.

Ìbéèrè bàbá yẹn kì í ṣe ìbéèrè òpè o. Ní Gánà, ohun tó ń bẹ̀rù yẹn ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Àwọn ará Dẹ́ńmákì ni wọ́n ni odi Christiansborg tó wà ní Osu, ní Accra, kí wọ́n tó tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ odi yẹn fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Quist, Richter, Lutterodt àti Wulff láàárín àwọn Gá títí dòní. Emmanuel Quist tó kọ́kọ́ ṣe olórí ilé aṣòfin Gánà, inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló gbé orúkọ tiwọn wá. Haastrup tiwa, omi ìrìbọmi ló gbé e wá, kò bá odi ẹrú wá. Èyí ni òǹkàwé yín fi gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ó tún dà bíi pé kò mọ̀ pé Haastrup mìíràn tún wà ní Rẹ́mọ. Joseph Pythagoras Haastrup, ọmọọba Rẹ́mọ, wà l'Èkó láyé Ajímókò Kìíní yìí, ó sì lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lásìkò tí Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1894. Nígbà tí ìfẹ́ orúkọ ìbílẹ̀ mú àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, òun náà ń jẹ́ Adémúyìwá, Haastrup sì tẹ̀ lé e. Ìdílé ọba méjì, Ìjẹ̀ṣà àti Rẹ́mọ, tí ẹ̀jẹ̀ kò pa wọ́n pọ̀, ń jẹ́ orúkọ abà kan ṣoṣo ní Dẹ́ńmákì! Ibo lẹ tún ti rí irú rẹ̀?

Ní ti àwọn Alákijà tó fi ṣe àpẹẹrẹ, òótọ́ ni. Assumpção ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ tí wọ́n mú bọ̀ láti Bràsíìlì. Ní 1913 ni Placido Assumpção di Adéyẹmọ Alákijà, agbẹjọ́rò tó wà lára àwọn tó dá Daily Times sílẹ̀, tó sì ṣe ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Kí ó tó di ìgbà yẹn, David Vincent ti di Mojọlá Agbẹ́bí, Jacob Samuel sì di Adégbóyèga Ẹ̀dún. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Vincent àti Samuel, orúkọ tó kún ìgboro ni, kò sí ẹni tó máa fi wá ilé. Ẹ sì wò ó: Alákijà tí wọ́n yí sí yẹn náà ti padà ré òkun. Ó wà ní Bahia, ní Bràsíìlì. George Alakija, oníṣègùn ọpọlọ, wà lára àwọn tí Bràsíìlì rán wá sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, l'Èkó ní 1977. Orúkọ kì í jókòó sójú kan, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó, ìbáà jẹ́ tiwa.

Haastrup náà kò jókòó. Kò pọ̀, kò sì ní pọ̀, nítorí ojú orísun rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rìn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Iléṣà, Ṣágámù àti Èkó ni mo ń rí lára àpò ìwé wọn. Lẹ́yìn náà Ìbàdàn wọ̀ ọ́, torí yunifásítì. Nígbà tó fi máa di ìgbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, sítáńbù Lọ́ńdọ̀nù, ti Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ló kù. Lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yunifásítì Manchester tó ń kọ́ni nípa òṣèlú àgbáyé, Toni Haastrup. Ẹni tó bá ka orúkọ yẹn lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lè rò pé ará Dẹ́ńmákì ló wà nínú ilé. Kò ní í yà mí lẹ́nu bí àwọn Haastrup tiwa bá ti pọ̀ ju ti Dẹ́ńmákì lọ báyìí.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ààfin. Ní 1942 tí Ọwá Arómọláràn Kìíní wàjà, Alexander Adéníran Haastrup ló jẹ, ó di Ajímókò Kejì títí di 1956. Ní 2024 tí Ọwá Arómọláràn Kejì wàjà, Clement Adésúyì Haastrup ni wọ́n yàn, ó di Ajímókò Kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Arómọláràn lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni Haastrup dé. Mi ò sọ pé àmì ni o, mo kàn ń ṣa lẹ́tà mi ni.

Bí ìdílé náà bá jókòó lọ́la tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yí i padà, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n kí àwa ará ìta má ṣe máa fi ìtìjú lé wọn lórí nítorí orúkọ tí ọba mẹ́ta ti jẹ́ ní Iléṣà. Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tún wà ńbẹ̀, tí ẹni tí kò tò rí kò lè mọ̀.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ kan kù tó kan ẹ̀yin fúnra yín. Nínú lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ gbà kọ orúkọ yìí nínú òpó kan ṣoṣo: Hastrup, Haastrop àti Hastroop. H, a méjì, s, t, r, u, p. Ẹ bá mi fi han àwọn tó ń to lẹ́tà yín.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ìfìwéránṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkèṣà, Iléṣà.