Ẹ Jẹ́ Ká Ti Ilẹ̀kùn Ẹ̀dọ̀ Mọ́ Àrùn Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka ìròyìn yín lórí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis), mo sì fara mọ́ ọn pé kí àwọn onímọ̀ má dojú kọ kòkòrò àrùn nìkan. Kí wọ́n wo ẹ̀dọ̀ tó ń gbà á lálejò náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan di ike tenofovir rẹ̀ mú níwájú mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo ni mo máa lò ó tán?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Oògùn yẹn ń tẹ oríṣi B lórí ba, kì í sábà hú u tegbòtegbò, torí kòkòrò náà ti fara pamọ́ sí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀.

Ọdún 2012 ni wọ́n rí ẹnu ọ̀nà tí oríṣi B àti D ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì yìí, ìyẹn èròjà purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì náà tó ń jẹ́ NTCP. Oògùn kan tó ń jẹ́ bulevirtide ló ń dí i. Yúróòpù fọwọ́ sí i fún oríṣi D ní 2020. Kòkòrò a máa yíra padà kí oògùn má bàa ràn án. Ẹ̀dọ̀ kì í tètè pààrọ̀ ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ tuntun ṣì ṣe pàtàkì jù, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kó o ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi àwọn aláṣẹ ìgbà tí irú ìtọ́jú yìí yóò dé ọ̀dọ̀ wa.

Nọ́ọ̀sì kan,
Ògbómọ̀ṣọ́