Ẹ̀sùn Lórí Àyẹ̀wò Egungun Àbúrò Mi Tí Ẹ Kò Buwọ́ Lù

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Adójútòfò Ìlera.

Alàgbà,

Ìwé ìtọ́jú àbúrò mi ọkùnrin wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara pa tí kò sì lè rìn mọ́, nítorí náà n kò ní tún un rò. Dókítà ní kí ó ṣe àyẹ̀wò tó ń wọn bí egungun ṣe le tó, ẹ kò sì tíì buwọ́ lù ú pé ẹ ó sanwó rẹ̀. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ń gbá wa kiri bíi bọ́ọ̀lù nítorí ìbuwọ́lù yìí ló mú mi kọ̀wé. Ìkòròdú ní kí a lọ sí Ìkẹjà. Ìkẹjà ní kí a fi ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó gbà á níbẹ̀ ní kí a padà sí Ìkòròdú. Gbígbé tí a ń gbé e wọ ọkọ̀ gba Mile 12 yìí gan-an ni dókítà ń bẹ̀rù, torí egungun orúnkún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ níbi tí a ti ń gbé e kúrò lórí kẹ̀kẹ́ arọ, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀ ọ́n lára, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tó gbé fóònù yín bi mí pé, "Ẹni tí kò rìn, kí ló fẹ́ fi egungun líle ṣe?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé àìfẹsẹ̀tẹlẹ̀ náà ló ń jẹ egungun, pé ọdún kan sí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpalára ló ń yára jẹ ẹ́ jù, pàápàá ní orúnkún àti ìbàdí, àti pé dókítà fẹ́ mọ bó ṣe ṣẹ́kù tó kí ó tó pinnu oògùn tí wọn yóò fà sí i lára. Ọ̀gá tó wà lórí obìnrin náà ṣèlérí pé òun yóò pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ ṣú, ó mọ́, ó tún ṣú.

Mo fẹ́ kí ẹ buwọ́ lu àyẹ̀wò náà láàárín ọjọ́ 7, kí obìnrin yẹn sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò mi, torí mo ṣí fóònù sí gbangba nígbà náà, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn yìí yóò dé ọ̀dọ̀ NHIA tó ń ṣàkóso iṣẹ́ yín àti FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà. Bí egungun rẹ̀ bá sì ṣẹ́ kí ẹ tó dáhùn, agbẹjọ́rò ni yóò kọ lẹ́tà tó kàn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n oníbàárà yín.