Ìdí tí kill -9 kò fi pa process rẹ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé òtútù ọ̀hún ò pọ̀ jù? Àwọn ọmọ ńkọ́?

O ní process kan (prógírámù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) gan sí ipò D, ìyẹn oorun tó ṣòro láti jí, o lu kill -9 títí, ìyẹn àṣẹ tó ń fi signal SIGKILL ránṣẹ́ láti pa process, kò mira. Kò sí ohun tó ṣe kill rẹ. Signal, ìyẹn iṣẹ́ kúkúrú tí wọ́n ń rán sí process, kì í pa thread (ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan nínú process) lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí ìwé tí wọ́n há sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹni. Kernel Linux, ìpìlẹ̀ tó ń darí gbogbo prógírámù lórí ẹ̀rọ, á fi àmì sára thread náà pé signal ń dúró dè é, á sì jí i bó bá jẹ́ oorun tí signal lè jí ni ó ń sùn. Ìgbà tí thread bá ń jáde nínú kernel, tó fẹ́ padà sínú prógírámù, ló ń ka ìwé náà. Èyí tó bá wà ní TASK_UNINTERRUPTIBLE, tí ps ń kọ D sí, SIGKILL pàápàá kò lè jí i.

Má bínú sí àwọn tó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ká ní thread kan di mutex mú (àgádágodo tí thread kan ṣoṣo lè dì mú lẹ́ẹ̀kan), ó ti yí ìdajì àkọsílẹ̀ fáìlì kan padà, ó wá ń dúró de dísìkì. Bí a bá pa á níbẹ̀, ta ni yóò tú mutex sílẹ̀? Gbogbo thread tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á kàn máa sùn lọ ni.

NFS, ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń lo fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn (sáfà), ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le: sáfà á ti kú, ẹni tó ń dúró dè é ò ní lè kú. Lọ́dún 2008, nínú Linux 2.6.25, TASK_KILLABLE dé, iṣẹ́ ọwọ́ Matthew Wilcox: oorun tí kò sí signal tó lè jí i àfi èyí tó máa pa process. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an ni.

Nínú driver (kóòdù inú kernel tó ń darí ohun èlò) tí ò ń kọ, jọ̀ọ́, má lo mutex_lock lásán níbi tí ìdúró ti lè pẹ́. Lo mutex_lock_killable, kí o sì yẹ èsì rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ 0, mutex ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ -EINTR, ìyẹn pé signal ti gé ìdúró náà kúrú, o ò gba nǹkan kan, nítorí náà má ṣe pe mutex_unlock rárá. Tú ohun tí o ti gbà ṣáájú sílẹ̀, kí o sì jáde.

Kí o tó tún ẹ̀rọ yẹn tan, wọlé bíi root (alábòójútó ẹ̀rọ), kí o fi àṣẹ cat ka /proc/PID/stack, nọ́ńbà process náà ni kó o fi rọ́pò PID. Wàá rí ibi tó há sí gan-an. Fi ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.

Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.