Kì í ṣe ọba ló ti ilẹ̀kùn físà

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi gbé gègé. Ó ní kí àwa ọmọ Yorùbá tó wà nílùú ọba kó ara wa jọ, ká kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Ọba Charles, kí Kábíyèsí bá wa wọ́gi lé ìlànà tó ní ẹni tó bá gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ dání mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní gúúsù London nìyẹn. Àmọ́ ààfin kọ́ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn wà.

Ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 2024 ni ìlànà náà bẹ̀rẹ̀. Òfin tí ilé aṣòfin wọn ṣe lọ́dún 1971 ló fún mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé láṣẹ láti máa kọ irú rẹ̀. Tó bá kọ ọ́ tán, á gbé e síwájú ilé. Bí ilé kò bá dìbò láàárín 40 ọjọ́ pé àwọn ò fẹ́ ẹ, ó ti jókòó nìyẹn. Kò sí ibi tí ìbuwọ́lù ọba ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Àbádòfin gan-an, èyí tí wọ́n máa ń gbé lọ bá ọba, kò rí bí èèyàn ṣe rò. Látọdún 1708 tí Ọbabìnrin Anne ti kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin kan lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ilẹ̀ Scotland, kò sí ọba kankan tó tún dán irú rẹ̀ wò. Bí àbádòfin bá ti la ilé méjèèjì já, èdè Faransé àtijọ́ ni wọ́n fi ń kéde pé «Le Roy le veult», ìyẹn ni pé ọba fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọba alára kì í sí níbẹ̀. Victoria ló wá fúnra rẹ̀ kẹ́yìn, lọ́dún 1854.

Mo mọ ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà. Ní ọjọ́ 17, oṣù keje, ọdún 2024, èmi àti ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú jọ ń wo tẹlifíṣàn nígbà tí ọba wá ṣí ilé aṣòfin. Adé ń kọ mọ̀nà, aṣọ ìgúnwà ń wọ́ nílẹ̀, àwọn ọmọdékùnrin ń bá a gbé etí aṣọ náà. Ó jókòó sórí ìtẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé: ìjọba mi yóò ṣe tibí, ìjọba mi yóò ṣe tọ̀hún. Mo sọ fún ìyá pé ọba yìí mà ní ètò púpọ̀ lọ́kàn o. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní ohun tí wọ́n kọ fún un ló ń kà. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí: àwọn mínísítà ló kọ ọ́ láti òkè délẹ̀.

Kí ọba tó kàwé yẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó rán ìránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Black Rod pé kó lọ pe àwọn aṣojú aráàlú wá láti House of Commons. Bí ìránṣẹ́ náà ṣe dé ẹnu ọ̀nà báyìí, gbàà! Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Àfìgbà tó fi ọ̀pá kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i. Ohun tó fà á ni pé lọ́dún 1642, Ọba Charles Kìíní kó ṣọ́jà wá sílé náà pé òun fẹ́ mú aṣòfin márùn-ún. Àwọn márààrún ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó bi William Lenthall, abẹnugan ilé, pé níbo ni wọ́n wà. Lenthall kúnlẹ̀, ó ní òun ò ní ojú tí òun lè fi ríran, òun ò ní ahọ́n tí òun lè fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àfi bí ilé bá ṣe pàṣẹ fún òun. Ó kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sọ. Nígbà tó di 1649, wọ́n bẹ́ ọba náà lórí.

Olóòtú ìjọba ńkọ́? (Ẹ má bínú, kì í ṣe irú olóòtú tiyín.) Iye orí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní House of Commons ló ń gbé e wọlé, òun náà ló ń gbé e jáde. Ọbabìnrin Elizabeth ló gbé iṣẹ́ lé Liz Truss lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló wàjà. Oṣù méjì ò pé tí Truss lọ bá Charles pé òun fipò sílẹ̀. Nínú ìyá àti ọmọ, kò sẹ́ni tó ṣà á yàn, kò sẹ́ni tó lé e. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kẹ̀yìn sí i.

Àwọn kan á ní ṣebí ọmọ wa wà níbẹ̀. Lóòótọ́, Kemi Badenoch, ọmọ Adégòkè, ti di olórí ẹgbẹ́ alátakò láti oṣù kọkànlá, ọdún 2024. Ṣùgbọ́n mínísítà lòun náà nígbà tí ìlànà tí à ń sunkún lé lórí yìí jáde.

Mo ti lọ jókòó lókè ibi tí aráàlú ti ń wò wọ́n, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mi ò níṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kàn máa ń yẹ ara ẹni wò bíi ti pápákọ̀ òfuurufú. 650 ni àwọn aṣòfin yẹn, àwọn tó wà níjokòó kò tó ogún, ọ̀kan ń tẹ fóònù. Àfi bí aago ìdìbò ṣe dún. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fi dé. Wọ́n ya dé láti gbogbo kọ̀rọ̀: àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni gba ọ̀nà kan, àwọn tó ní rárá gba èkejì, wọ́n sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀. Bí wọ́n bá máa wọ́gi lé ìlànà físà, bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ń gbé ibí lọ́nà tó bófin mu lè dìbò yan àwọn 650 yẹn, torí pé Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth. Kò dìgbà tó bá di ọmọ ìlú wọn. Oṣù kẹrin, ọdún 2024 ni mo dé. Nígbà tó fi di ọjọ́ 4, oṣù keje, mo wà lórí ìlà ìdìbò, páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa ni mo sì fi hàn wọ́n. Ọba kì í dìbò. Èmi dìbò.

Aṣòfin àdúgbò sì máa ń jókòó gba ẹjọ́ àwọn ará ẹkùn rẹ̀. Surgery ni wọ́n ń pè é, àfi bíi ti dókítà. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ilé tí ògiri rẹ̀ hu èébu lọ síbẹ̀ rí. Onílé mi ti ń fi ọ̀la dá mi lọ́la láti oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà aṣòfin tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn tó máa tún un ṣe fi dé.

Bí òǹkàwé yín bá ṣì fẹ́ kó orúkọ jọ, ìkànnì ilé aṣòfin wà fún un. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó bá rí 10,000 ìbuwọ́lù, ìjọba á fèsì. Tó bá di 100,000, wọ́n lè jíròrò rẹ̀ nílé. Àmọ́ ọmọ ìlú wọn tàbí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí i, torí náà kó má ṣe kó orúkọ àwọn ará ilé ní Nàìjíríà mọ́ ọn.

Èmi ti gba àyè lọ́dọ̀ aṣòfin tèmi fún ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ìyàwó mi àti ọmọ wa ṣì wà ní Òṣogbo.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Tọ́lá,
Gúúsù London.