Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Kọ Dráífà Kámẹ́rà, Ẹ Má Fi EINVAL Dáhùn Gbogbo Ìbéèrè Mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ojú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín níbi tẹ́ ẹ ti gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé tí kámẹ́rà kọ̀ǹpútà wọn ò bá gbé àwòrán wá lórí Linux, kí wọ́n kúkú lọ ra òmíì. Ẹ má bínú, ìmọ̀ràn yẹn ò dáa tó. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sóhun tó ṣe kámẹ́rà yẹn rárá, dráífà ẹ̀, ìyẹn prógíráàmù tó ń bá kọ̀ǹpútà darí kámẹ́rà, ló fún app lésì tí ò yé app, app náà wá sọ fẹ́ni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà pé kámẹ́rà ò ṣiṣẹ́, onítọ̀hún sì gbà bẹ́ẹ̀. App tó ń gba fídíò látinú kámẹ́rà ni mo máa ń kọ, ọ̀rọ̀ kóòdù àṣìṣe yìí sì ká mi lára gan-an, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe ń lọ fáwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí. Lórí Linux, V4L2 ni ìlànà tí app àti dráífà fídíò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. App á ṣí fáìlì bíi /dev/video0, á wá máa fi ioctl, ìyẹn irú ìpè kan tó ń lọ sọ́dọ̀ dráífà, béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, irú ẹ̀rọ wo ni ẹ́, fọ́máàtì wo lo ní, ṣé o lè fún mi ní àwòrán tó jẹ́ 640 sí 480. Tó bá ṣeé ṣe, ioctl á dá 0 padà, tí ò bá ṣeé ṣe á dá -1 padà, ìdí ẹ̀ á sì wà nínú errno, nọ́ńbà kékeré kan báyìí ni, 22 ni EINVAL, 25 ni ENOTTY, 16 ni EBUSY, 11 ni EAGAIN. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni app ní lọ́wọ́ o. Kò rí inú kernel, ìyẹn ọkàn Linux níbi tí dráífà wà, kò mọ ohun tí dráífà kọ sínú àkọsílẹ̀ (log), nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ló máa fi pinnu bóyá kóun dúró díẹ̀ kóun tún gbìyànjú, àbí kóun yí ohun tóun ń béèrè padà, àbí kóun pa gbogbo ẹ̀ tì.

EINVAL gan-an lorí wàhálà. Ohun tó yẹ kó máa sọ ò ju pé ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ dráífà ló kàn máa ń kọ return -EINVAL síbi gbogbo tọ́rọ̀ bá ti tán lẹ́nu wọn. Ó dà bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn, tẹ́ni tó wà nínú ilé kàn ń pariwo "rárá" ṣáá, ẹ ò mọ̀ bóyá ilé tẹ́ ẹ ń wá kọ́ nìyẹn, àbí onílé ń wẹ̀ lọ́wọ́, àbí ẹni tẹ́ ẹ béèrè ni ò sí níbẹ̀.

Ẹ wo VIDIOC_ENUM_FMT, òun ni app fi ń béèrè àwọn fọ́máàtì tí kámẹ́rà ní. App á fi index 0, ìyẹn nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú àtòjọ, béèrè, dráífà lè ní YUYV, á fi 1 béèrè, dráífà lè ní MJPEG, á tún fi 2 béèrè, dráífà á ní EINVAL. EINVAL tibí yìí kì í ṣe ìròyìn burúkú o, ohun tí ìlànà wí ni, ó ń sọ pé a ti dé òpin, o lè máa lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní dráífà kan wà tí ò mọ ioctl yẹn rí, tóun náà wá fi EINVAL dáhùn ní index 0, kí ni kí app gbà báyìí? Ṣé ẹ̀rọ yìí gbọ́ ìbéèrè ṣùgbọ́n kò ní fọ́máàtì kankan ni, àbí kò gbọ́ ìbéèrè ọ̀hún rárá? Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí app gbà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan náà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti VIDIOC_S_CTRL tí wọ́n fi ń yí ìmọ́lẹ̀ àwòrán tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀ padà, EINVAL níbẹ̀ lè jẹ́ pé kámẹ́rà yìí ò ní control (ètò bí ìmọ́lẹ̀ yẹn) tẹ́ ẹ dárúkọ, ó sì lè jẹ́ pé dráífà ò mọ nǹkan kan nípa control rárá.

Àwọn tó ń bójú tó V4L2 rí ìṣòro yìí, wọ́n sì tún un ṣe nínú Linux 3.1 tó jáde lọ́dún 2011. Látìgbà yẹn, ioctl tí dráífà ò bá mọ̀, ENOTTY ni ìdáhùn ẹ̀, EINVAL á wá wà fún ìbéèrè tí dráífà mọ̀ ṣùgbọ́n tóhun tó wà nínú ẹ̀ ò tọ́. Lójú tèmi, nǹkan tó dáa jù tí wọ́n ṣe nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pàápàá torí pé wọn ò fi sílẹ̀ fún dráífà kọ̀ọ̀kan láti ṣe bó ṣe wù ú, inú kóòdù gbogboogbò tí wọ́n ń pè ní video_ioctl2 ni wọ́n fi í sí, tẹ́ni tó ń kọ dráífà bá gba ibẹ̀ kọjá, ENOTTY á jáde fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pó kọ nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣebí app àtijọ́ ń wo EINVAL, ẹ ti wá bà á jẹ́ fún wọn nìyẹn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kódà prógíráàmù capture tó wà nínú ìwé V4L2 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èyí táìmọye èèyàn ń dà kọ sínú app tiwọn, EINVAL ló ń wò lẹ́yìn VIDIOC_QUERYCAP, ìyẹn ìbéèrè irú ẹ̀rọ wo ni ẹ́, kó tó sọ pé fáìlì yìí kì í ṣe ẹ̀rọ V4L2, tó bá wá rí ENOTTY, á kàn gbé nọ́ńbà 25 jáde pẹ̀lú "Inappropriate ioctl for device", ẹni tó ń lò ó á máa wojú ẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé tí kóòdù bá ti jáde tí app sì ti ń gbára lé e, kéèyàn má kàn dédé jí láàárọ̀ kó yí i padà. Ní December 2012, àtúnṣe kan láti apá mídíà nínú kernel jẹ́ kí ENOENT máa jáde látinú ioctl, app táwọn èèyàn ti ń lò tẹ́lẹ̀ bá dàrú, Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ bínú gidigidi, ó là á mọ́lẹ̀ pé ti orúkọ fáìlì ni ENOENT, kò ní nǹkan ṣe nídìí ioctl, àti pé bí àyípadà inú kernel bá ti ba app jẹ́, kernel ló jẹ̀bi, kí wọ́n má ti ẹ̀bi sí app lọ́rùn. Èmi ò fẹ́ràn bó ṣe fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ tọ̀nà. Ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kírú ẹ̀ máa ṣẹlẹ̀ ni kéèyàn yan kóòdù tó tọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí dráífà tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Kóòdù tó tọ́ yẹn ò sì ṣòro wá, ìwé V4L2 ti to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Bí app bá fẹ́ yí fọ́máàtì padà nígbà tí fídíò ti ń lọ lọ́wọ́, EBUSY ni kẹ́ ẹ fún un, á mọ̀ pé kóun kọ́kọ́ dá fídíò dúró. Ẹ fún un ní EINVAL, á rò pé kámẹ́rà ò ní fọ́máàtì yẹn ni, á yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó ń fi han èèyàn, nígbà tó sì jẹ́ pé ó wà ńbẹ̀. Iye tó bá kọjá ààlà lórí control, ERANGE ló wà fún un, control téèyàn lè kà ṣùgbọ́n tí ò ṣeé yí padà, EACCES ni. Nídìí VIDIOC_DQBUF tí app fi ń gba àwòrán, tí app bá ṣí fáìlì pẹ̀lú O_NONBLOCK, ìyẹn pé kò fẹ́ dúró de ìdáhùn, tí àwòrán ò sì tíì délẹ̀, EAGAIN ni, kì í ṣe àṣìṣe, ẹ padà wá láìpẹ́ ló ń wí. Mo ti bá dráífà kan pàdé tó ń fi EIO dáhùn síbí yìí, EIO sì rèé, ìṣòro inú ẹ̀rọ gan-an ló wà fún, app mi wá ń pa kámẹ́rà tó ń tan bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ àwòrán tó ń bọ̀ lọ́nà ló yẹ kó dúró dè.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ENOSPC. Ó ṣe é ṣe kí kámẹ́rà USB méjì wà lójú ìlà USB kan náà, àkọ́kọ́ á tan, èkejì á kọ̀. USB máa ń fi bandwidth, ìyẹn àyè tí dátà ń gbà kọjá, pamọ́ fún irú nǹkan tó gbọ́dọ̀ máa dé ní àkókò ẹ̀ bíi fídíò, kò sì lè ju 80% gbogbo ẹ̀ lọ, tí kámẹ́rà kejì bá máa mú kó kọjá ibẹ̀, ENOSPC ni ìlànà ní kó jáde. App tó bá rí ENOSPC lè dín àwòrán kù, tàbí kó lo MJPEG tí ò gba àyè púpọ̀, tàbí kó sọ fún èèyàn pé kó gbé kámẹ́rà kejì lọ sí ojú ìlà USB míì, gbogbo ẹ̀ á yanjú. Tí dráífà bá fi EINVAL tàbí EIO rọ́pò ẹ̀ ńkọ́? Kò sóhun tí app lè rí ṣe. Ibi tẹ́ni tó ni ín ti máa ń gbà pé kámẹ́rà kejì ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn dráífà tó wà nínú kernel fúnra ẹ̀ ti ń dáa sí i, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Àwọn tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ fúnra wọn tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ ló ń fún wa ní wàhálà jù, torí wọn kì í fẹ́ gba video_ioctl2 kọjá nígbà míì, wọ́n á kọ switch gígùn tiwọn, ìyẹn kóòdù tó ń yan ìdáhùn fún ioctl kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn fún èyí tí ò bá sí níbẹ̀ (default) á sì jẹ́ -EINVAL. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lo v4l2-compliance, irinṣẹ́ tó ń dán dráífà wò, kí wọ́n tó fi dráífà sílẹ̀, inú àkójọ irinṣẹ́ v4l-utils ló wà, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn á tẹ v4l2-compliance -d /dev/video0, á máa bi dráífà ní ìbéèrè tó tọ́ àtèyí tí ò tọ́, á wo kóòdù tó ń jáde, á sì kọ OK tàbí FAIL síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ioctl tí dráífà bá fi ENOTTY dáhùn, ó lè kọ Not Supported sí i tọkàntọkàn. Èyí tó bá fi EINVAL dáhùn níbi tí kò yẹ, FAIL ni, á sì sọ ìlà tí àyẹ̀wò yẹn wà nínú kóòdù v4l2-compliance fúnra ẹ̀, kí wọ́n lọ tún un ṣe kí ẹ̀rọ náà tó dé ọwọ́ ẹni tó máa rà á.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń kọ app fídíò