Nọ́ńbà 4,294,967,297 ṣe é pín

Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú,

Lójú ewé ẹ̀kọ́ nínú ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òǹkọ̀wé kan fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 2, tí a fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí èsì kọ̀ọ̀kan, èyíkéyìí nínú wọn tí a bá fi 1 kún yóò di nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù, àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, nítorí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí ti dà á kọ sínú ìwé wọn.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn létí. 2, 4, 16 àti 256 ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọmọ Ifẹ̀ tí 16 àti 256 ṣàjèjì sí: ojú odù 16 ni Ifá ní, bí a bá sì so wọn ní méjìméjì, apá ọ̀tún àti apá òsì, 256 ni àpapọ̀ odù tí àwọn babaláwo ń kọ́. Bí ẹ bá fi 1 kún wọn, ẹ ó rí 3, 5, 17 àti 257, kò sì sí èyí tó ṣe é pín níbẹ̀. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65,536. 65,537 náà kò ṣe é pín. Márààrún yìí ni Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ní nǹkan bí ọdún 1640, tó fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àpẹẹrẹ márùn-ún kò tó ṣòfin nínú ìṣirò.

Ìkẹfà ló já a. 65,536 lọ́nà ara rẹ̀ jẹ́ 4,294,967,296, ṣùgbọ́n ní ọdún 1732 Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi hàn pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni 4,294,967,297. Ẹ̀rí kan wà fún èyí tí ó wù mí gidigidi, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè tẹ̀ lé.

Ẹ mú 640 lọ́nà 640 lọ́nà 640 lọ́nà 640, kí a pe èsì rẹ̀ ní A. Níwọ̀n bí 640 ti fi 1 kéré sí 641, 640 lọ́nà 640 fi 1 ju 641 lọ́nà 639 lọ; nítorí náà bí a bá fi 641 pín A, tí í ṣe èsì yẹn lọ́nà ara rẹ̀, 1 péré ni yóò ṣẹ́kù. Ìyẹn ni pé bí a bá yọ 1 kúrò lára A, 641 yóò pín ìyókù láìṣẹ́kù. Ẹ̀wẹ̀, 640 jẹ́ 5 lọ́nà 128. 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 jẹ́ 625, 128 tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí jẹ́ 268,435,456, nítorí náà A kan náà ni 625 lọ́nà 268,435,456. 625 fi 16 kéré sí 641, 16 lọ́nà 268,435,456 sì jẹ́ 4,294,967,296. Bí a bá wá fi iye yìí kún A, àpapọ̀ rẹ̀ di 641 lọ́nà 268,435,456 gan-an. 641 pín àpapọ̀ yẹn, ó sì pín A tí a yọ 1 kúrò lára rẹ̀, nítorí náà kò lè ṣàì pín ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì, èyí tí í ṣe 4,294,967,297.

Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì rí òmíràn tí kò ṣe é pín lẹ́yìn márùn-ún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó tíì fi ẹ̀rí hàn pé kò sí òmíràn. Mo rọ̀ yín kí ẹ tẹ àtúnṣe yìí sójú ewé kan náà, kí ẹ sì kọ 641 síbẹ̀ gbàgàdà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣiyèméjì lè mú bírò, kí ó pín in fúnra rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan,
Ilé-Ifẹ̀